Bí Olùkọ́ Ṣe Lè Fi Gẹ̀ẹ́sì Kọ́ Ọmọ Tó Ń Sọ Yorùbá Nílé ní Sáyẹ́ǹsì àti Ìṣirò

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì, ìṣirò, ìmọ̀ ọ̀gbìn tàbí ìmọ̀ àwùjọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Òṣogbo, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń sọ Yorùbá láti ìgbà tí wọ́n bá ti jí títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé tí wọn yóò kà, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ìdánwò tí wọn yóò ṣe. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń tajà ní Ìgbọ̀nà lè ka odindi ojú ìwé kan sókè ketekete, kí ohùn rẹ̀ dùn létí, kí ó má sì mọ ohun tí gbólóhùn kan ṣoṣo níbẹ̀ ń sọ. Èrò mi ni pé olùkọ́ sáyẹ́ǹsì fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ náà ní Gẹ̀ẹ́sì tí sáyẹ́ǹsì ń lò. A kò lè gbé e kọ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́rùn, nítorí pé àròkọ, lẹ́tà kíkọ àti gírámà ti gba gbogbo àkókò tirẹ̀, kò sì sí ibi tí yóò ti ráyè kọ́ wọn bí a ṣe ń ròyìn àyípadà tó dé bá omi kẹ́míkà tàbí bí a ṣe ń ka ìbéèrè ìṣirò tó gùn.

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ tí a ń gbà kọ́ni, méjèèjì ló sì ń já ọmọ jù sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Nínú ti àkọ́kọ́, olùkọ́ a máa sọ Gẹ̀ẹ́sì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a bèèrè pé "Do you understand?", kíláàsì a sì fi ohùn kan dáhùn pé "Yes, sir", ìdáhùn tí kò sọ nǹkan kan fún olùkọ́ rárá. Nínú ti èkejì, olùkọ́ a fi Yorùbá ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, ojú àwọn ọmọ a là, wọn a béèrè ìbéèrè gidi, wọn a fún ara wọn lésì. Lẹ́yìn náà olùkọ́ a yíjú sí pátákó, a kọ àkọsílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gígùn síbẹ̀, wọn a dà á kọ sínú ìwé wọn, wọn a sì lọ há a sórí. Òye wà lápá kan, Gẹ̀ẹ́sì wà lápá kejì, ẹnikẹ́ni kò sì kọ́ wọn bí a ṣe ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tó ti yé wọn. Iṣẹ́ àárín méjèèjì yìí ni mo fẹ́ kí a kọjú sí.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ tàn yín jẹ. Jim Cummins, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ní Kánádà, ya èdè tí ọmọ fi ń tàkúrọ̀sọ sọ́tọ̀ kúrò lára èdè tí ó fi ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún 1979. Ìwádìí lórí àwọn ọmọ àjèjì tó wá ń gbé Kánádà fi hàn pé nǹkan bí ọdún 2 ni wọ́n fi ń gbọ́ ti àkọ́kọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n pé ọdún 5 sí 7 ni kí wọ́n tó dọ́gba pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn nínú èkejì. Àárín Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ń gbé tọ̀sán-tòru. Tiwa ń gbọ́ ọ fún ìwọ̀nba wákàtí, lẹ́nu olùkọ́ tí òun náà kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́. Nítorí náà, ọmọ tó bá lè sọ pé "Good morning, sir, please may I go out?" láìkọsẹ̀ kò tíì ní ohun tí ó lè fi ka ojú ìwé bàọ́lọ́jì.

Yorùbá kì í ṣe ọ̀tá Gẹ̀ẹ́sì nínú iṣẹ́ yìí, ẹ̀rí rẹ̀ kò sì jìnnà sí wa. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ ìgbà náà, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní iṣẹ́ gbogbo láti ọdún kìíní dé ìkẹfà, wọ́n sì fi olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kẹrin lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni ní ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé ìlànà náà, Gẹ̀ẹ́sì sì padà di èdè ìkọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Ó dùn mí pé bẹ́ẹ̀ ló rí, mi ò sì ní fi pamọ́. Ṣùgbọ́n ìlànà yòówù kó wà lójú ìwé, olùkọ́ yóò wọ kíláàsì lọ́la, àwọn ọmọ yóò sì jókòó síwájú rẹ̀.

Kí ẹ tó wọ kíláàsì

Ẹ ṣí ojú ìwé tí ẹ fẹ́ kọ́, kí ẹ sì kà á bí ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀. Oríṣi ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni yóò jáde sí yín. Àkọ́kọ́ ni àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá iṣẹ́ náà, bíi "evaporation" àti "photosynthesis". Àwọn yìí ló ń bà wá lẹ́rù, àwọn gan-an ló sì rọrùn jù, nítorí pé ìwé máa ń sọ ìtumọ̀ wọn, ọmọ sì mọ̀ pé òun kò mọ̀ wọ́n. Èkejì ni àwọn ọ̀rọ̀ tí ọmọ rò pé òun mọ̀. Ó mọ "volume" lára rédíò, ó mọ "table" pẹ̀lú àga, ó mọ "work" gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń lọ. Ṣùgbọ́n nínú físíìsì, alábàárù tó gbé ẹrù lérí tó sì dúró sójú kan kò ṣe "work" kankan lórí ẹrù náà. "Solution" jẹ́ ìdáhùn nínú ìṣirò, ó jẹ́ omi tí nǹkan ti yòrò sínú rẹ̀ nínú kẹ́mísírì, olùkọ́ méjèèjì sì lè lò ó fún ọmọ kan náà láàárín wákàtí kan.

Oríṣi kẹta ni ó ń pa ọmọ lára jù, òun sì ni ẹnikẹ́ni kì í kọ́: àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń so gbólóhùn pọ̀. "Unless", "whereas", "hence", "although", "respectively". Ọmọ tí kò mọ "unless" yóò yí ìtumọ̀ gbólóhùn náà padà pátápátá, olùkọ́ yóò sì rò pé ẹ̀kọ́ ni kò yé e. Ẹ fa ìlà sí abẹ́ àwọn wọ̀nyí nínú ìwé tiyín. Ẹ mú ọ̀rọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà péré fún ẹ̀kọ́ kan, kí méjì ó kéré tán wá láti inú oríṣi kẹta.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ ohun méjì sínú àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ yín níbi tí ẹ ti ń kọ ẹyọ kan tẹ́lẹ̀: ohun tí ọmọ yóò mọ̀, àti gbólóhùn tí yóò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Bí ẹ kò bá lè kọ gbólóhùn náà gan-an sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì lálẹ́, ọmọ kò ní í lè sọ ọ́ lọ́sàn-án. Èyí wúlò fún olùkọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ kò dá lójú bákan náà, nítorí pé gbólóhùn kúkúrú tó ti múra sílẹ̀ yóò yọ ọ́ nínú wàhálà gbólóhùn gígùn tí yóò dà á rú níwájú pátákó.

Àpẹẹrẹ ẹ̀kọ́ kan

Ẹ jẹ́ kí a mú bí omi ṣe ń gbẹ, tí àwọn ọmọ JSS ń kọ́, kí a sì ṣe é fún ìṣẹ́jú 40. Òṣogbo ìlú aró ni wá, nítorí náà aṣọ àdìrẹ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ rin aṣọ kéékèèké méjì tó dọ́gba sínú omi, ẹ tẹ́ ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ sì ká èkejì. Ẹ bèèrè ní Yorùbá pé èwo ni yóò kọ́kọ́ gbẹ, kí ni ìdí rẹ̀, àti kí ló dé tí aṣọ tí aláró sá nígbà ọyẹ́ fi ń yára gbẹ ju èyí tó sá ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí ojú ọjọ́ tutù tí àlejò ọdún Ọ̀ṣun ń wọ ìlú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ ní méjì-méjì, ní Yorùbá, fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ẹ má dáhùn fún wọn. Wọn yóò mẹ́nu ba oòrùn, wọn yóò mẹ́nu ba atẹ́gùn, wọn yóò ní aṣọ tí a tẹ́ rí àyè ju èyí tí a ká lọ, ẹnìkan yóò sì sọ pé ọyẹ́ máa ń fa omi ara nǹkan. Gbogbo kókó ẹ̀kọ́ náà ti jáde lẹ́nu wọn, kò tíì sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo.

Nígbà náà ni kí ẹ fa ìlà sí àárín pátákó, kí ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ sí apá òsì ní Yorùbá, kí ẹ sì wá fi orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kọjú sí ọ̀kọ̀ọ̀kan lápá ọ̀tún: "temperature", "wind", "surface area", "humidity" (ìwọ̀n omi tó wà nínú afẹ́fẹ́). Ọmọ ti ní ohun náà lọ́wọ́ kí orúkọ tó dé, orúkọ náà yóò sì rí ibi dúró sí. Ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú gbólóhùn alálàfo: "The cloth dries faster when … because …". Kí olúkúlùkù sọ tirẹ̀ fún ẹni tó jókòó tì í kí ó tó kọ ọ́.

Lẹ́yìn èyí ni gbólóhùn tó le. Ìwé yóò sọ pé "The higher the temperature, the faster the rate of evaporation", irú gbólóhùn tí kò fara jọ Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ ń gbọ́ nínú ọgbà. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ti Yorùbá: "Bí ooru bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni omi ṣe ń yára gbẹ." Ẹ fi ọwọ́ tọ́ka bí apá kìíní ṣe bá apá kìíní mu, tí apá kejì bá apá kejì mu, kí ẹ sì ní kí wọ́n ṣe ti atẹ́gùn àti ti àyè aṣọ fúnra wọn. Ẹ ṣọ́ra fún ti "humidity", nítorí pé ibẹ̀ ni gbólóhùn ti yí padà: "The higher the humidity, the slower the rate of evaporation." Ọmọ tó kàn ń há a sórí yóò kọ "faster", ibẹ̀ sì ni ẹ ó ti mọ ẹni tó yé.

Bí ẹ bá béèrè ìbéèrè, ẹ dúró. Mary Budd Rowe, onímọ̀ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí tó jáde ní àwọn ọdún 1970, ó sì rí i pé nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni olùkọ́ ń dúró kí ó tó pe ẹlòmíràn tàbí kí ó dáhùn fúnra rẹ̀, àti pé ìdáhùn ọmọ máa ń gùn sí i, ó sì máa ń ní láárí sí i, bí olùkọ́ bá dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tó ń ronú ní Yorùbá tó sì ń wá Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ nílò jù bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ẹyọ kan dé márùn-ún nínú ọkàn yín.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ nínú kẹ́mísírì

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé máàkì tí àwọn ọmọ wa ń pàdánù lórí rẹ̀ pọ̀, kì í sì í ṣe nítorí pé wọn kò mọ kẹ́mísírì. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa, funfun, pupa àti dúdú ló ń ṣe iṣẹ́ gbogbo àwọ̀. Ilẹ̀ pupa, epo pupa, ènìyàn pupa: Gẹ̀ẹ́sì kò ní í pe ọ̀kan nínú wọn ní àwọ̀ kan náà. Olùyẹ̀wò WAEC kò sì ní í gba "red" níbi tí "reddish brown" yẹ kó wà.

Ẹ wo ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ rí kí ó sì kọ. Bí a bá kán amóníà sínú omi iyọ̀ bàbà, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "copper(II)", gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ("precipitate") "pale blue" ni yóò kọ́kọ́ hàn. Bí amóníà bá pọ̀ sí i, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà yóò yòrò, omi náà yóò sì di "deep blue". Irin méjì náà ń bẹ níbẹ̀, "iron(II)" tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ jẹ́ "dirty green" àti "iron(III)" tí tirẹ̀ jẹ́ "reddish brown". Ọmọ tó bá kọ "blue" lẹ́ẹ̀mejì kò tíì sọ ohun tó yí padà, bẹ́ẹ̀ àyípadà yẹn gan-an ni ìdáhùn.

A ní ohun èlò fún èyí ní Òṣogbo ju ibi púpọ̀ lọ. Ẹ bẹ aláró fún àjákù aṣọ tí a rì sínú aró lẹ́ẹ̀kan, èyí tí a rì lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, àti èyí tí a rì títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ káàdìbọ́ọ̀dù, kí ẹ kọ "pale blue", "blue", "deep blue" àti "blue-black" sábẹ́ wọn, kí ẹ sì gbé e kọ́ ara ògiri. Èyí tó kẹ́yìn náà yóò wúlò fún ìdánwò sítáàṣì, nítorí pé "blue-black" ni áyódíìnì máa ń yí ẹ̀bà tàbí fùfú sí. Ẹ wá ewé tútù, ewé tó ti ń rọ, ìṣù amọ̀, epo pupa àti ọsàn fún àwọn àwọ̀ yòókù. Kí ẹ sì yà "colourless" sọ́tọ̀ gedegbe: omi inú ife tí kò ní àwọ̀ kankan, a kò gbọdọ̀ pè é ní "white", nítorí pé wàrà ni "white".

Ìṣirò

Níhìn-ín, Yorùbá tí ọmọ gbọ́ láti kékeré ń ràn án lọ́wọ́ ju bí a ti ń rò lọ. "5 less than 20" máa ń mú kí ọmọ kọ 5 − 20, nítorí pé 5 ló kọ́kọ́ dé etí rẹ̀. Ẹ ní kí ó ka 15 ní Yorùbá: márùndínlógún, márùn-ún dín ní ogún. Márùn-ún ló ṣáájú níbẹ̀ náà, kò sì sí ọmọ Yorùbá tó rò pé a yọ ogún kúrò nínú márùn-ún. Nígbà tí ẹ bá dé orí "5 less than x", ẹ ní kí ó kà á bí ẹni ń ka iye: márùn-ún dín ní x, ìyẹn x − 5. Ẹ fi mọ́kànlélógún ṣe ti "more than" bákan náà.

Fún ìbéèrè tó gùn, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìṣirò kí wọ́n tó tún ìtàn inú rẹ̀ sọ. Ẹ wo èyí: "A trader had 240 oranges. She sold ⅜ of them, and ⅕ of the remainder got spoilt. How many good oranges were left?" Ẹ ní kí ọmọ kan sọ ọ́ ní Yorùbá bí ẹni ń ròyìn ọjà fún ìyá rẹ̀. Bí ó bá sọ pé ìdá kan nínú márùn-ún èyí tó ṣẹ́kù ló bàjẹ́, ó ti rí "of the remainder": ó ta 90, ó ku 150, 30 bàjẹ́, 120 ló dára. Bí ó bá fo ọ̀rọ̀ yẹn, yóò pín 240 sí márùn-ún, yóò sì dé orí 102. Ìṣirò rẹ̀ péye, kíkà rẹ̀ ni kò péye, àtúnṣe méjèèjì kò sì rí bákan náà.

Ìbéèrè ìdánwò àti máàkì

Ẹ kọ́ wọn ní ohun tí ọ̀rọ̀ àṣẹ kọ̀ọ̀kan ń fẹ́. "State" ń fẹ́ ìlà kan. "Describe" ń fẹ́ ohun tí a rí, bí ó ṣe tẹ̀ léra. "Explain" ń fẹ́ ìdí, nítorí náà ìdáhùn tí kò ní "because" tàbí irú rẹ̀ nínú kò tíì tó. "Distinguish between" ń fẹ́ ohun méjì ní ìfojúkojú, ibẹ̀ sì ni "whereas" ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ mú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ti mọ̀, kí ẹ sì béèrè rẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́rin yìí, kí wọ́n lè rí i pé ẹ̀kọ́ kò yí padà ṣùgbọ́n ìdáhùn yí padà.

Nígbà tí ẹ bá ń máàkì, ẹ ya ìmọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó kọ pé "The leaf it turn to blue-black when we put the iodine" ti sọ òtítọ́ sáyẹ́ǹsì; ẹ fún un ní máàkì rẹ̀, kí ẹ kọ gbólóhùn tó péye sí abẹ́ rẹ̀, kí ó dà á kọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá fi bírò pupa kun gbogbo ojú ìwé náà, ohun tí yóò kọ́ ni pé kí ó máa kọ ìlà kan péré ní ìgbà mìíràn. Ohun kan tí n kò ní í gbójú fò ni sípẹ́lì àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà gan-an, pàápàá nínú bàọ́lọ́jì, nítorí pé ó lè gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ nínú ìdánwò àṣekágbá.

Ibi tí Yorùbá yóò dúró sí

Ẹ má ṣe na ọmọ, ẹ má sì gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ó sọ Yorùbá. Ọmọ tí a bá pa lẹ́nu mọ́ kì í sọ Gẹ̀ẹ́sì dípò rẹ̀. Dídákẹ́ ló máa ń dákẹ́. Ohun tó yẹ ni pé kí ẹ là á sílẹ̀ pé Yorùbá wà fún ríronú àti ìjíròrò ní méjì-méjì, Gẹ̀ẹ́sì sì wà fún ríròyìn fún kíláàsì àti fún kíkọ. Bí ọmọ Hausa tàbí Igbo bá wà láàárín wọn, ẹ fi í sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n jọ gbọ́ èdè kan, tàbí sọ́dọ̀ ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ já gaara, kí ìjíròrò náà má baà fi í sílẹ̀.

Gbólóhùn alálàfo náà kò gbọdọ̀ di àṣà títí ayé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, ẹ fún gbogbo wọn ní odidi gbólóhùn pẹ̀lú àlàfo kan; nígbà tó bá tó bí oṣù kan, ẹ fún wọn ní ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ nìkan; kí ẹ tó ṣe ìdánwò táàmù, ẹ mú un kúrò lójú pátákó pátápátá, àyàfi fún àwọn díẹ̀ tó ṣì nílò rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ rán wọn nílé pẹ̀lú iṣẹ́ kan tí kò gba owó: kí wọ́n ṣàlàyé ẹ̀kọ́ kan ní Yorùbá fún ìyá, bàbá tàbí ìyá àgbà, ìbáà jẹ́ nídìí ọjà, kí wọ́n sì kọ ọ́ ní gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta lẹ́yìn náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ pe mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú wọn. Ọmọ tí kò bá lè ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá, ẹ̀kọ́ náà ni kí ẹ tún kọ́ ọ. Èyí tó ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá dáadáa tí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì dà rú, ẹ má ṣe tún ẹ̀kọ́ kọ́ ọ. Ẹ wá ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ tó kọsẹ̀ lára rẹ̀, kí ẹ sì fi kún àwọn ọ̀rọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà ti ẹ̀kọ́ tó kàn.